Bí A Ṣe Ń Tú Májèlé Inú Èéfín Ọkọ̀ Palẹ̀

Náítírójìn, a-báni-gbé-má-báni-jà, tí ó jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ni ooru gbígbóná janjan inú ẹ́ńjìnnì máa ń tì mọ́ ọ́síjìn lára, tí àwọn méjèèjì fi ń di gáàsì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí kùrukùru ẹlẹ́fín bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀, tí ojú ń ta tàgbà tèwe, Arie Haagen-Smit, ọ̀jọ̀gbọ́n tí a bí ní Netherlands, ni ó tú iṣu ọ̀rọ̀ náà désàlẹ̀ ìkòkò ní nǹkan bí ọdún 1950: gáàsì yìí àti oru epo bẹntiróòlù ni oòrùn ń pò pọ̀ di májèlé.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nítorí náà ni àwọn ẹlẹ́rọ fi ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí iná ibẹ̀ má baà gbóná jù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kà sí àrà jùlọ ni ti ródíọ̀mù, irin olówó iyebíye inú àpótí tí ó wà lójú ọ̀nà èéfín ọkọ̀ bẹntiróòlù, tí ó ń ya náítírójìn kúrò lára ọ́síjìn. Ní ti ọkọ̀ dísù, yúríà ni à ń fún sínú èéfín, gáàsì náà yóò sì di náítírójìn àti omi. Ó dùn mí dọ́kàn pé àwọn kan ń yọ àpótí ródíọ̀mù náà tà, tí wọ́n ń fi èémí ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò.