Bí Ẹ̀rọ Àfọwọ́mú Ṣe Ń Fi Ìwọ̀n Kòkó Ránṣẹ́ sí Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́



Ní ayé àtijọ́, inú ìwé ńlá ni akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ń kọ ìwọ̀n kòkó sí. Lónìí, ẹgbẹ́ lè lo ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ mú. Akọ̀wé yóò tẹ nọ́ḿbà àgbẹ̀ àti ìwọ̀n àpò rẹ̀ sínú rẹ̀ ní ìdí òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ náà yóò sì fi rédíò inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, níbi tí a ti ń ṣírò owó olúkúlùkù. Bí ìròyìn kan bá sọnù lójú ọ̀nà, owó àgbẹ̀ kan ni ó sọnù. Bí ó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, owó ẹgbẹ́ ni ó jò. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ.

OHUN TÍ Ó LÈ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ògiri, òrùlé páànù àti ọ̀nà jíjìn lè dí rédíò lọ́wọ́. Ìròyìn lè má dé rárá. Ó lè dé pẹ̀lú àbùkù, kí 63 di 93. Ẹ̀rọ méjì lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ̀ǹpútà má gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

BÍ ÈTÒ TÍ Ó DÁRA ṢE Ń DÈNÀ RẸ̀

1. Ìjábọ̀. Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́ lọ sí abúlé kejì, a kì í gbà pé iṣẹ́ náà dé títí ọmọ yóò fi padà wá jábọ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa ìròyìn mọ́ títí kọ̀ǹpútà yóò fi dáhùn pé ó dé. Kọ̀ǹpútà kò sì gbọdọ̀ dáhùn kí ó tó kọ ìròyìn náà sílẹ̀ síbi tí kò ti ní parẹ́ bí iná bá lọ.

2. Nọ́ḿbà ìròyìn. Ìdáhùn pàápàá lè sọnù, ẹ̀rọ yóò sì tún ìròyìn kan náà fi ránṣẹ́. Nítorí èyí, ìròyìn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Bí ìròyìn 58 láti ẹ̀rọ 3 bá tún dé, kọ̀ǹpútà yóò dáhùn, ṣùgbọ́n kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

3. Iye àyẹ̀wò. Kí a sọ pé àgbẹ̀ 214 mú àpò kìló 63 wá. Ẹ̀rọ lè ro 2, 1, 4, 6 àti 3 pọ̀, kí ó fi 16 kún ìròyìn. Bí 63 bá di 93, àròpọ̀ yóò di 19, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí 63 bá di 36, àròpọ̀ kò yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ ètò fi ń lo ìṣirò tí ó le ju èyí lọ, tí wọ́n ń pè ní CRC.

4. Ìdúró tí kò dọ́gba. Bí ẹ̀rọ méjì tí ó kọlu ara wọn bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, wọn yóò tún kọlu ara wọn. Kí olúkúlùkù fúnra rẹ̀ ṣa ìwọ̀nba àkókò tí yóò dúró láìsí ìlànà kan. Ní 1971 ni Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii lo ọgbọ́n yìí nínú ALOHAnet, tí ó fi rédíò so àwọn erékùṣù pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Honolulu.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN AN WÒ

Kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ sí ibi tí rédíò rẹ̀ kò ti lè dé ọ́fíìsì. Ẹ tẹ ìwọ̀n àpò mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un tan, kí ẹ sì gbé e padà. Mẹ́ta gééré ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní; kò gbọdọ̀ jẹ́ méjì, kò gbọdọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ pa kọ̀ǹpútà nígbà tí ìròyìn ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ tún kà wọ́n.

Kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa gba rìsíìtì rẹ̀ ní ìdí òṣùwọ̀n, kí ó tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi san owó. Bí ohun kan bá rú yín lójú, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.