Ẹlẹ́rìí Inú Òkúta

Bí a bá rí òkúta lórí òkè, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ni ó ti wá? Òkúta kò lẹ́nu tí yóò fi ròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ó gbé ẹlẹ́rìí sínú.

Ẹ bu iyanrìn odò sí àtẹ́lẹwọ́. Púpọ̀ nínú àwọn wóró tí ń dán níbẹ̀, quartz ni wọ́n. Ní 1953, Loring Coes ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tẹ irú èròjà tí ó wà nínú quartz, ó sì fi iná sí i, títí ó fi di òkúta mìíràn tí ó wúwo jù ú lọ. Èròjà kan náà ni. Ó kàn fún pọ̀ ni, bí aṣọ tí a kì sínú àpótí tí a sì fi orúnkún tẹ̀. Orúkọ Coes ni wọ́n fi pè é ní coesite. Ní 1960, wọ́n rí i ní Arizona, níbi tí òkúta ojú ọ̀run ti já lu ilẹ̀.

Ìyanu gan-an dé ní 1984. Christian Chopin, ará Faransé, ń yẹ òkúta Dora Maira wò, ní àwọn òkè Alps ní Ítálì. Gáńẹ́ẹ̀tì wà nínú òkúta náà, ohun líle tí àwọn mìíràn nínú rẹ̀ tóbi ju ìkúùkù lọ. Nínú gáńẹ́ẹ̀tì yìí ni ó ti rí wóró coesite. Ní ọdún kan náà, David Smith rí tirẹ̀ ní Nọ́wè. Òkúta ojú ọ̀run kọ́ ló fà á níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹrù ilẹ̀ nìkan ló tẹ̀ ẹ́, ó ní láti wọlẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 90. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta fífúyẹ́ tí ilẹ̀ gbígbẹ fi ń léfòó ni òkúta Dora Maira. Púpọ̀ àwọn onímọ̀ ti rò pé kò lè rì tó bẹ́ẹ̀, bí igbá kì í ti í rì sómi.

Báwo ni coesite ṣe wá yè? Bí òkúta ti ń gòkè bọ̀, ẹrù orí rẹ̀ ń dínkù, coesite sì fẹ́ padà di quartz. Ṣùgbọ́n quartz ń fẹ́ àyè sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Èyí tí ó wà níta ti yí padà tán. Èyí tí gáńẹ́ẹ̀tì dì mú kò rí àyè nà sí. Nígbà tí ó bá yá, gáńẹ́ẹ̀tì á sán, ojú sísán náà á sì tàn ká láti ara wóró náà bí ìtànṣán oòrùn. Lójú tèmi, sísán yìí dùn ún wò ju wóró náà lọ.

Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn pé nígbà tí ilẹ̀ méjì bá kọlu ara wọn, ìfúnpọ̀ náà lè ju ti ẹrù orí òkúta lọ, nítorí náà kìlómítà 90 lè pọ̀ jù. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí. Ní 1990, Sobolev àti Shatsky ròyìn dáyámọ́ńdì nínú gáńẹ́ẹ̀tì láti Kokchetav ní Kazakhstan, èyí tí ń fẹ́ ibi tí ó jìn ju ti coesite lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí awò nìkan ni a fi ń rí wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè fi wọ́n ṣe òrùka.