Ọ̀bẹ Tí Ọnà Ti Inú Rẹ̀ Jáde

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ, àmọ́ ẹ má ti ara yín. Ọ̀bẹ kan wà tí ọnà kún ara rẹ̀ láti èèkù dé ṣóńṣó, ó ń lọ wérewère bí ìgbì ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó yà á, kò sẹ́ni tó fín in.

"Bàbá, ta ló wá ṣe é?"

Alágbẹ̀dẹ ni. Irin oríṣi méjì ló ń lò. Ọ̀kan le, èédú inú rẹ̀ tó bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ní níkẹ́ẹ̀lì díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ayùn ńlá tó ń la gẹdú. Á tò wọ́n léra, ká ní 7, á kì wọ́n bọ iná. Bó bá pọ́n, á wọ́n borax sí i, èyí táwọn alágbẹ̀dẹ wúrà náà ń lò, kí ìpẹ́pẹ́ iná má baà jókòó sáàárín irin. Á dá a padà síná títí yóò fi mọ́ yòò, ó ti ju 1,100 digirì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Ìgbà náà ni owú tó ń sọ̀kalẹ̀. Ìlù àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ le o! Bó bá fi agídí lù ú, àwọn irin náà á yọ̀ dànù lórí ara wọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó yani lẹ́nu. Ṣé ẹ mọ ìléru àwọn ilé-iṣẹ́ irin tó wà ní Sango-Ọ̀tà níbí? Ohunkóhun tí wọ́n bá dà sí i, ì báà jẹ́ spring mọ́tò, ì báà jẹ́ àgékù ọ̀pá irin, á yọ́ di omi kan ṣoṣo. Ti alágbẹ̀dẹ yìí kì í yọ́. Ó lẹ̀ mọ́ra ni, kálukú sì di ìwà rẹ̀ mú. Á nà án, á gé e sí méjì, á tún tò ó léra: 14. Lẹ́yìn ìyẹn 28, 56, 112, 224. Bó bá lọ́ ọ, ọnà á yọ bí ìràwọ̀.

Síbẹ̀, bó bá dán an tán, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àfìgbà tó bá rì í bọ omi tó ń jẹ irin tí wọ́n ń pè ní ferric chloride. Irin èédú á dú, ti níkẹ́ẹ̀lì á máa dán.

Bill Moran, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú ọ̀bẹ yìí síta lọ́dún 1973 tí ayé tún fi yà sí i. Wọ́n ń pè é ní irin Dàmásíkù. Èmi ò fara mọ́ orúkọ yẹn: irin tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò ní Íńdíà ni wọ́n fi rọ idà Dàmásíkù àtijọ́, ọnà tiẹ̀ hù nígbà tí irin náà ń tutù.

Ìwọ tó o ti ń wo ewìrì yẹn, bó o bá fẹ́ dán an wò, má ṣa irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Èéfín rẹ̀ ń dá ibà síni lára.