Ojú Tí Ń Gbóná, Tí Ń Ta: Ẹ Ṣọ́ra fún Ìpara Àpòpọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa ní Òfin, ní Ṣàgámù àti ní gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí obìnrin kan tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí nǹkan bí irorẹ́ yọ sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní imú àti ní àgbọ̀n. Bí ó bá dúró nídìí iná àkàrà, ojú rẹ̀ a gbóná, a sì máa ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Àwọn ará ilé a ní ooru ló mú un, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò mọ́. Ó lè jẹ́ àrùn awọ ojú tí àwọn dókítà ń pè ní rosacea.

Àrùn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ni ó ń fà á. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà lábẹ́ awọ ojú ni ó máa ń tètè fẹ̀, tí awọ a sì wú. Lára òyìnbó, ojú a pọ́n kedere. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà kì í tètè hàn, ìdí nìyí tí a fi ń ṣì í pè ní irorẹ́. Bí ẹyinjú pàápàá bá ń ta bí ẹni pé iyanrìn kó sí i, ẹ má ṣe fi falẹ̀ rárá.

Ìpara ni ó ń kó wa lóminú jù. Bí ojú bá ti yọ nǹkan, ọ̀pọ̀ a sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń po ìpara. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì, bíi betamethasone àti clobetasol, máa ń wà nínú irú rẹ̀. Nígbà mìíràn hydroquinone tàbí mẹ́kúrì a tún kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú a jọ̀lọ̀, gbogbo ènìyàn a sì máa yìn ín. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, awọ a fẹ́lẹ́. Bí obìnrin náà bá wá dáwọ́ dúró, nǹkan náà a tún yọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ni yóò bá tún padà sídìí ike ìpara. Báyìí ni ìpara fúnra rẹ̀ ṣe lè dá àrùn náà sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní i rí. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì léwu fún ọmọ inú oyún.

Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le bọ́jú. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á. Ẹ dé fìlà gbòòrò tàbí kí ẹ lo agboòrùn bí ẹ bá ń lọ sọ́jà. Ọtí àti ohun mímu gbígbóná a máa ru ú sókè. Ata náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. A kò ní kí ará Rẹ́mọ máa se ìkọ́kọrẹ́ láìfi ata sí i o, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ń ta yín, kí ẹ dín in kù.

Oògùn wà. Dókítà lè kọ metronidazole tí a ń fi pa ojú, tàbí doxycycline tí a ń gbé mì, èyí tí aláboyún kò gbọdọ̀ lò. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá yẹ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù níhìn-ín. Bí ẹ bá ti lo ìpara àpòpọ̀ fún oṣù púpọ̀, ẹ sọ ọ́ láìtijú, nítorí dókítà ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ mú ike rẹ̀ dání.