Ohun tí Yunifásítì Ń Béèrè fún Oyè Másítà nínú Ẹ̀kọ́ nípa Àyíká: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Olùkọ́ni

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gboyè másítà nínú ẹ̀kọ́ nípa àyíká. Èrò wa ni pé kì í ṣe àìmọ̀wé ló ń dá ọ̀pọ̀ olùkọ́ dúró, bí kò ṣe àìmọ ọ̀nà. A pín oyè náà sí oríṣi mẹ́ta, a ṣàlàyé ohun tí a fi ń wọlé àti ohun tí a fi ń jáde, a sì dá àbá fún àwa tí a ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà.

Ìfáàrà

Lọ́dún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ lọ́dún kan náà. NESREA ló gbapò rẹ̀ lọ́dún 2007. Síbẹ̀, òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010, omi sì ya wọ ilé àwọn ará Lọ́kọ́ja lọ́dún 2012 àti 2022. Bí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò bá mọ ohun tó ń fa irú nǹkan báyìí, ó lè jẹ́ pé olùkọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí olùkọ́ kò bá sì mọ̀ ọ́n, àwa tí a kọ́ olùkọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun mìíràn tó mú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kánjúkánjú ni òfin ọdún 2023 tó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti máa fúnni ní oyè kìíní pẹ̀lú NCE. Ẹni tí yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gboyè kìíní gbọ́dọ̀ ti kọjá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oríṣi oyè mẹ́ta

Èkíní ni M.Ed. nínú ìkọ́ni nípa àyíká. Fákọ́tì ẹ̀kọ́ ló máa ń wà, bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn láti tọ́jú àyíká ni ó sì dá lé. Èkejì ni M.Sc. nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣàkóso àyíká. Èyí dá lé omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́, ìdọ̀tí àti òfin tó de ìlò wọn. Ẹ̀kẹta ni másítà ti àwọn òṣìṣẹ́, tí a ṣètò fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ aládàáni.

A gbọ́dọ̀ kíyè sí ẹ̀kẹta yìí dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kò ṣí ọ̀nà tààrà sí oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè náwó nára sí i tán, kó tó mọ̀ pé òun yóò tún ṣe másítà mìíràn.

Ohun tí a fi ń wọlé

Ìwé mẹ́wàá ni àkọ́kọ́: kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, tí Ìṣirò náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀, nínú ìdánwò tí kò ju ẹ̀ẹ̀méjì lọ. Àwọn kan rò pé oyè kìíní ti bo àléébù yìí mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èkejì ni oyè kìíní tó wà ní ìpele kejì ìsàlẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó ní ìpele kẹta tàbí HND yóò kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí PGD ní ọ̀pọ̀ ibi. NCE nìkan kò tó. Òun ni a fi ń wọ ọdún kejì ní yunifásítì láti gba oyè kìíní. Ẹni tí oyè kìíní rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, tó sì fẹ́ M.Ed., yóò nílò PGDE. Ẹni tó ń lọ sí M.Sc. ní láti ní oyè tó bá a tan, bí i Jọ́gíráfì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé-ẹ̀rí agùnbánirọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó fi NCE ṣiṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó lọ gboyè ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n jáde. Àwọn wọ̀nyí kò ní sin ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ NYSC. Àìní ìwé méjèèjì lè dá ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ni tránsíkíríìpù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́ tààrà sí yunifásítì tuntun. A kì í gbé e lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ yege nínú ìdánwò àbáwọlé, ṣùgbọ́n tránsíkíríìpù rẹ̀ dé lẹ́yìn tí ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ọdún kan gbáko ni ó fi ṣòfò.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, wọ́n ń béèrè ìwé láti ọwọ́ onídùúró méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ ẹni. Àwọn yunifásítì kan tún ń béèrè àbá iṣẹ́ ìwádìí.

Ohun tí a fi ń jáde

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yóò ṣe ìdánwò, yóò gbé sẹ́mínà kalẹ̀, yóò sì kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí yóò gbèjà níwájú olùyẹ̀wò láti ìta. Ní gbogbo gbòò, ó ń gba ọdún kan sí méjì fún ẹni tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i. Kí ènìyàn yege nìkan kò tó bí ó bá ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́kàn: ọ̀pọ̀ yunifásítì ń wá máàkì tó tó 60% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò yẹ kí àkòrí ìwádìí jìnnà sí ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó wà ní Anambra ní ọ̀gbun tí ọ̀gbàrá gbẹ́ ní Agulu àti Nanka; ẹni tó wà ní Borno ní Adágún Chad tó ti súnkì; ti Niger Delta ní epo rọ̀bì tó ń dà sódò. Ààtàn ẹ̀yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa pàápàá tó ṣe ìwádìí lé lórí.

Àbá

A dá a lábàá pé:
1. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ kan tí yóò máa tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà láti ọdún kìíní NCE, kí wọ́n lè tètè tún ìwé mẹ́wàá wọn ṣe.
2. Kí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ máa fi tránsíkíríìpù ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ tí a dá, kí wọ́n sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ó ti lọ.
3. Kí olùkọ́ tó fẹ́ gbàyè ìkẹ́kọ̀ọ́ béèrè kọ́kọ́ bóyá oyè tí òun fẹ́ ṣe yóò ṣílẹ̀kùn oyè ọ̀mọ̀wé.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tí a tò sókè yìí kò le ju ohun tí olùkọ́ lè ṣe lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àkókò tirẹ̀. Ìlànà yunifásítì kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà kí a kà á kí a tó sanwó fọ́ọ̀mù. Abèèrè kì í ṣìnà. Àwa tí a wà ní ìpàdé yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò kọ́kọ́ bi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ìdáhùn lẹ́nu wa.