Àfikún Oúnjẹ: Ìwọ̀n Ló Dára

Ẹni tí ó bá ń wọ bọ́ọ̀sì ní Mile 2 lọ sí Festac yóò ti gbọ́ ohùn àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀: ti ẹ̀jẹ̀, ti okun, ti ojú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fítámì tàbí irin tí a ń lò láti fi kún oúnjẹ. Wọn kì í ṣe ohun búburú. Dókítà pàápàá ń fún aláboyún ní irin. Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣe ara lóore lè pa ara lára bí ó bá kọjá ìwọ̀n.

Kí ló fà á? Fítámì C ń yòrò nínú omi. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni fítámì A ń yòrò sí, inú ẹ̀dọ̀ sì ni ara ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tí ó ń lo àpọ̀jù rẹ̀ lójoojúmọ́ ń kó o jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí aláboyún bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fa àbùkù sára ọmọ inú rẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nígbà tí àwọn elétò ìlera bá ń pín fítámì A, ọmọ oṣù 6 sí 11 ń gba aláwọ̀ búlúù, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100,000 yúnìtì. Ọmọ ọdún 1 sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 5 ń gba pupa, 200,000 yúnìtì, ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ti gba tirẹ̀, kí ó wí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn.

Hóró irin ńkọ́? Ó máa ń dán, ó máa ń dùn lẹ́nu, ó sì jọ súwíìtì. Bí ọmọ kékeré bá gbé púpọ̀ mì, ó lè pa á. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe rọ ọmọ ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò rẹ̀ dání. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ dá lo irin láìbi dókítà, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nítorí pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ sọ fún apòògùn bí ẹ bá ń lo oògùn mìíràn, nítorí irin lè dí àwọn oògùn kan lọ́wọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ọjà Agbójú. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti epo pupa wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú epo pupa, ìwọ̀n tí ara nílò nìkan ni ara ń sọ di fítámì A. Oúnjẹ ni ká fi ṣáájú. Àfikún, àfikún ni.