Ẹnu Ẹni, Òǹtẹ̀ Ọlọ́pàá

Bí ìwé ìrìnnà bá sọnù ní Nàìjíríà, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de yóò ní kí ẹni tó ni ín mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù wá kí wọ́n tó ṣe òmíràn fún un. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ náà ńkọ́? Bákan náà ni. Bí olè bá sì gbé mọ́tò lọ, iléeṣẹ́ adójútòfò kò ní dá olówó mọ́tò lóhùn bí kò bá mú ìwé ọlọ́pàá dání. Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí dé tẹ́ṣàn nìyẹn.

Inú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tó wà lórí káńtà ni ìwé tí ará ìlú ń pè ní police extract yìí ti ń wá. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: ẹni tí wọ́n mú wọlé, ẹni tí wọ́n gba bélì rẹ̀, ọlọ́pàá tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì, ìyálé ilé tó wá fẹjọ́ aládùúgbò sùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, déètì àti aago. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán á di 1430. Bí ẹ bá béèrè ẹ̀dà, ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ ni wọn yóò dà kọ, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyí. Ìwé náà kò jẹ́rìí pé fóònù yín sọnù. Ohun tó jẹ́rìí sí ni pé lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, lágbájá wá sí tẹ́ṣàn, ó ní fóònù òun sọnù. Àmọ́ ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí gbájúẹ̀ bá fi síìmù yẹn lu ẹlòmíràn ní jìbìtì lọ́la, déètì tó wà lórí ìwé náà ló máa gbà yín sílẹ̀. Irọ́ pípa fún ọlọ́pàá náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ìdí nìyẹn tí báńkì fi ń ka ìwé ọ̀hún sí.

Nítorí náà, níwájú káńtà ni iṣẹ́ wà. Mo gbọ́ tí ọlọ́pàá kan bi obìnrin kan léèrè pé, “Màdáámù, kí ló wà nínú báàgì yín?” Ìyẹn dáhùn pé, “Ọ̀gá, gbogbo ayé mi ni.” Ẹ̀dùn ọkàn lèyí, kò ṣeé kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù, orúkọ báńkì tó ni káàdì, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà: ohun tí kò bá wọ ìwé ńlá kò lè jáde nínú ẹ̀dà. Kí orúkọ yín sì rí bó ṣe rí lórí NIN, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo lè dá yín padà.

Ti àbájáde ìwádìí yàtọ̀ pátápátá. Inú fáìlì tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó ń tọpinpin ẹjọ́ nìyẹn ń gbé. Òfin òmìnira ìròyìn tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù lọ́dún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọn kò bá ní fún un, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ abala òfin tí wọ́n dúró lé; ẹni tó bá fi àkọsílẹ̀ dù ú láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000. Òfin kan náà gba ọlọ́pàá láyè láti má ṣe tú ohun tó lè ba ìwádìí jẹ́ tàbí táṣìírí ẹni tó ta wọ́n lólobó síta. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti fọwọ́ kàn láti ọdún mélòó kan, ṣé ìwádìí ṣì ń lọ lórí ìyẹn náà?

Bó bá jẹ́ kóòtù lẹ ń gbé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá lọ, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ẹ̀dà tòótọ́ ni. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 kò gba fọ́tòkọ́pì lásán dípò ìwé ìjọba.

Ní ti owó, iye tí wọ́n ń bù fún èèyàn lórí káńtà kì í dọ́gba. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ti gbé police extract sórí ojú-òpó POSSAP, níbi tí èèyàn ti lè béèrè fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ò bá gba ibẹ̀, kí rìsíìtì lè wà lọ́wọ́ mi.

Bí wọ́n bá sì sọ fún yín ní tẹ́ṣàn pé fáìlì yín ti lọ sí ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ní Pántí l'Ékòó, tàbí Ìyágankú n'Ìbàdàn, ẹ má tíì kúrò níwájú káńtà. Fáìlì ló lọ, ìwé ńlá kì í bá a lọ. Ẹ fún wọn ní déètì ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, kí wọ́n ṣí i.